Ẹ Yé Fi Orúkọ "Nánò" Lu Àwọn Bàbá Wa ní Jìbìtì

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ta àgbo "nánò" fún jẹjẹrẹ próstéètì (ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀) nínú ọkọ̀ èrò sì ti sú mi. (Ike mínírà ni wọ́n tiẹ̀ ń bù ú sí!)

Ohun tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ jẹun kì í ṣe irọ́ o. Ní Amẹ́ríkà, BIND Therapeutics, ilé iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Robert Langer àti Omid Farokhzad wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, di docetaxel, oògùn kímò (oògùn líle tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ) tó ti wà tẹ́lẹ̀, sínú hóró tíntìntín tí ojú lásán ò lè rí; irú hóró bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní nánò. Wọ́n wá fi nǹkan sí i lára tó máa ń lẹ̀ mọ́ PSMA, èròjà tó máa ń pọ̀ lára sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ próstéètì, kí oògùn lè ṣiṣẹ́ níbi tí àrùn wà, kó má máa ba gbogbo ara jẹ́. Èmi tí mo ti nu èébì àwọn tó ń gba kímò mọ bí ìyẹn ìbá ti dára tó. Wọ́n dán an wò lára èèyàn, ṣùgbọ́n gbèsè wọ ilé iṣẹ́ náà lọ́rùn ní 2016, ilé iṣẹ́ oògùn Pfizer sì ra ohun ìní rẹ̀. Báwo ló ṣe wá dé inú ike ní Ṣàgámù?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ìpolówó àwọn alágbo yìí. Ẹ bá wa kọ ọ́ gàdàgbà pé kí ọkùnrin tó bá ti pé ọmọ ọdún 45 lọ bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ PSA, èyí tó lè fi àmì jẹjẹrẹ próstéètì hàn, pàápàá tí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ti ní àrùn náà rí.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì,
Abẹ́òkúta