Àmì tó wà lára púlì lè purọ́: ẹ má fi etí ṣètò táímìn

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́. Mo ka ìmọ̀ràn tí ẹ tẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá fún àwa tí a ṣì ń wa ọkọ̀ àtijọ́, ọkọ̀ oníkábúrétọ̀ (tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́) àti dísírìbútọ̀ (tó ń pín iná fún sìlíńdà kọ̀ọ̀kan). Ẹ ní bí ẹ́ńjìnnì bá ń mísfáyà, tí sìlíńdà kan kì í gbiná bó ṣe yẹ, ká pààrọ̀ gbogbo púlọ́ọ̀gì (tó ń tanná sínú sìlíńdà) àti kọ́ìlì (tó ń fún iná náà lágbára), lẹ́yìn náà ká tú nọ́ọ̀tì ìdí dísírìbútọ̀, ká máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí ohùn ẹ́ńjìnnì yóò fi dùn létí, ìyẹn ni pé ká fi etí ṣètò táímìn, àsìkò tí iná ń tàn nínú sìlíńdà. Ọ̀rọ̀ ohùn dídùn yẹn ló mú mi gbé bírò. Ìmọ̀ràn yẹn gan-an ni wọ́n tẹ̀ lé lórí ọkọ̀ mi fún odidi ọdún kan, díẹ̀ ló sì kù kó ba ẹ́ńjìnnì tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi jẹ́.

Aránṣọ ni mí. Ọdún 1979 ni wọ́n ṣe ọkọ̀ mi, sìlíńdà mẹ́rin ló ní. Nígbà tí àìsàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, bí mo bá dúró, gbogbo ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, ọwọ́ gíá á máa mì bí ẹni tí òtútù mú. Bí mo bá fẹ́ gun òkè, kò ní lágbára, ọwọ́ ìwọ̀n ooru á máa gòkè, sàlẹ́ńsà á sì dún gbòlà lẹ́yìn mi. Wọ́n pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Wọ́n pààrọ̀ kọ́ìlì. Wọ́n tú kábúrétọ̀, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n tún tú u. Kò sẹ́ni tó dán nǹkan kan wò kó tó pààrọ̀ rẹ̀, èyí ló sì ń dùn mí jù títí dòní.

Ẹ̀rọ ìránṣọ ló là mí lójú. Bí ẹ̀rọ bá ń fo ojú ìrán, a kì í sáré lọ ra mọ́tò tuntun fún un. Ìkọ́ tó wà nísàlẹ̀ ní àsìkò tó gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́yìn abẹ́rẹ́, gẹ́lẹ́ bí abẹ́rẹ́ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè padà, kó lè gbá òwú mú. Bó bá yá jù tàbí tó pẹ́ jù, òwú bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ojú ìrán kan fò nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ́ńjìnnì rí. Sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ń gbiná lẹ́ẹ̀kan nínú yíyí méjì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí nígbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 25 ni sìlíńdà kan ń gbiná láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Epo kì í jó tán lójú ẹsẹ̀, ìdí nìyẹn tí iná fi gbọ́dọ̀ tàn kí písítìn, irin tó ń lọ sókè sódò nínú sìlíńdà, tó dé òkè pátápátá, kí agbára ìjóná lè pọ̀ jù nígbà tí písítìn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yí orí sísàlẹ̀. Ìwé ọkọ̀ tèmi ní dígíríì 10 ṣáájú òkè, nínú dígíríì 360 tó wà nínú yíyí kan.

Iná kan wà nínú àwọn mẹ́rin tí kì í tàn dáadáa, ìyẹn sì ni èmi àti àbúrò mi ọkùnrin kọ́kọ́ wá. A jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, àbúrò mi wá fi púláyà onírọ́bà fa wáyà púlọ́ọ̀gì yọ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ó sì ń dá a padà kíákíá, nítorí iná ibẹ̀ lè gbọn èèyàn dànù. Ó yọ ti àkọ́kọ́, ẹ́ńjìnnì rẹlẹ̀. Ó yọ ti kejì, ó rẹlẹ̀. Ó yọ ti kẹta, kò sí ìyàtọ̀ kankan. Ó yọ ti kẹrin, ẹ́ńjìnnì fẹ́ kú. Sìlíńdà kẹta ni kò ṣiṣẹ́. A gbé púlọ́ọ̀gì rẹ̀ lọ sí ìkejì, a gbé ti ìkejì wá sí ìkẹta: ìkẹta ló ṣì ń ṣàìsàn. A wá pààrọ̀ wáyà méjèèjì fún ara wọn, àìsàn sì ṣí lọ sí ìkejì! Wáyà ni. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, mo fi igò tí mo fi ń wọ́n omi sáṣọ kí n tó lọ̀ ọ́ wọ́n omi díẹ̀díẹ̀ sára wáyà náà. Iná búlúù tín-ín-rín ń ta wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti ìdí wáyà náà bọ́ sára irin ẹ́ńjìnnì. Púlọ́ọ̀gì tuntun mẹ́rin ti wọ inú ọkọ̀ yẹn, kọ́ìlì tuntun ti wọ ibẹ̀, iná sì ń jò lọ lára wáyà tí ẹnikẹ́ni kò wò. (Ká ní àìsàn náà kò ṣí kúrò nígbà tí a pààrọ̀ wáyà ni, ìdérí dísírìbútọ̀ tàbí inú sìlíńdà fúnra rẹ̀ ni à bá wá yẹ̀ wò, à bá sì wá ẹni tó ní ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fún nínú sìlíńdà.)

Ọkọ̀ dákẹ́ gbígbọ̀n. Ṣùgbọ́n kò lágbára síbẹ̀, ó sì ṣì ń gbóná. Mẹkáníìkì kan fi iná táímìn wò ó, ìyẹn àtùpà tó ń ṣẹ́jú nígbàkígbà tí púlọ́ọ̀gì àkọ́kọ́ bá tanná; àmì ara púlì, kẹ̀kẹ́ irin tó ń yí níwájú ẹ́ńjìnnì, dúró síbi 10 láìyẹsẹ̀, ó ní kò sí ohun tó ṣe é. Ẹlòmíràn fi etí ṣètò rẹ̀ bí ẹ ṣe sọ, ọkọ̀ sì ń dún lẹ́rọ̀ lójú ibi tó dúró sí. Bí mo ṣe dé ẹsẹ̀ òkè tí mo tẹ epo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún kàkàkà, bí ìgbà tí wọ́n da èkùrọ́ sínú agolo tí wọ́n ń mì í.

Olóòtú, ibí ni mo fẹ́ kí àwọn òǹkàwé yín fara balẹ̀ gbọ́. Bí ọkọ̀ bá dúró tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, bí ẹ bá ṣe ń mú kí iná yá sí i, bẹ́ẹ̀ ni eré rẹ̀ á máa pọ̀ sí i, tí ohùn rẹ̀ á sì máa já gaara. Etí á fẹ́ràn rẹ̀, ẹ ó tún yí i sí i. Ṣùgbọ́n kò sí ẹrù lórí rẹ̀ nígbà yẹn. Lórí òkè, iná tó yá jù á máa bá písítìn tó ṣì ń gòkè bọ̀ jà, ooru àti ìlù yẹn ló sì ń lu písítìn jó. Etí kò lè bá yín mọ ìyẹn níbi tí ọkọ̀ dúró sí.

Nígbà tí iná táímìn fi wà ní 10, àmì ní ó dára, ọkọ̀ ní kò dára. Mo wá bi ara mi pé ta ló sọ pé àmì náà ń sọ òótọ́. Púlì ọkọ̀ mi kì í ṣe irin kan ṣoṣo: irin àárín wà, irin ìta wà, rọ́bà ló so méjèèjì pọ̀. Ara irin ìta ni àmì wà. Rọ́bà yẹn sì ti gbó.

A yọ orí bátìrì, a yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ẹ́ńjìnnì lè fúyẹ́ láti fi sípánà yí. Mo fi àtàǹpàkò dí ihò púlọ́ọ̀gì àkọ́kọ́ títí afẹ́fẹ́ fi ń ti ìka mi jáde, kí n lè mọ̀ pé ìgbà tí písítìn ń fún afẹ́fẹ́ ló ń gòkè bọ̀, kì í ṣe ìgbà tó ń lé èéfín jáde. Mo wá ki ọ̀pá tín-ín-rín kan bọ inú ihò náà, mo dì í mú ṣinṣin, ọwọ́ mi kò kúrò lára rẹ̀. Tí písítìn bá dé òkè tán, ọ̀pá á dúró jẹ́ẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, a kò sì lè fi ojú mọ ibi tí òkè wà gan-an. Nítorí náà, kí ó tó dé òkè, mo fi ṣọ́ọ̀kì aṣọ sàmì sára ọ̀pá ní ẹnu ihò, mo sì sàmì sára púlì ní ọ̀gangan ìtọ́ka tó dúró sójú kan lára ẹ́ńjìnnì. Àbúrò mi ń yí i lọ, ọ̀pá gòkè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, nígbà tí àmì ṣọ́ọ̀kì padà dé ẹnu ihò, mo tún sàmì kejì sára púlì ní ọ̀gangan ìtọ́ka yẹn. Mo fi tépù ìwọ̀n aṣọ wọn àárín àmì méjèèjì. Ìdajì rẹ̀ ni òkè tòótọ́.

Àmì tí ilé iṣẹ́ fi síbẹ̀ fi mílímítà 15 jìnnà sí i. Púlì náà jẹ́ mílímítà 450 yíká, ìyẹn ni pé dígíríì 12 ni irin ìta ti fi fà sẹ́yìn. Nígbà tí iná táímìn ń sọ pé 10 ṣáájú òkè, dígíríì 2 lẹ́yìn òkè ni iná ń tàn ní tòótọ́. Abájọ tí agbára fi tán, tí ooru sì gòkè.

Mo fi àwọ̀ ìkanná funfun sàmì sí òkè tòótọ́. A tún àlàfo kọ́ńtáàtì sẹ́ẹ̀tì (irin kékeré inú dísírìbútọ̀ tó ń ṣí tó sì ń pa kí iná lè tàn) ṣe sí mílímítà 0.45 kí a tó fọwọ́ kan táímìn, nítorí bí àlàfo yẹn bá yí padà, táímìn náà yí padà. A yọ rọ́bà tín-ín-rín tó so kábúrétọ̀ mọ́ dísírìbútọ̀, a dí ẹnu rẹ̀ kó má baà yí táímìn padà, a wá ṣètò iná sí 10. Lọ́jọ́ kan náà, ọkọ̀ gun òkè tí kò gùn láti ọdún tó kọjá, ọwọ́ ìwọ̀n ooru sì dúró sí àárín. Àwọ̀ ìkanná kì í ṣe àtúnṣe o: mo pààrọ̀ púlì náà kí ọ̀sẹ̀ tó parí, nítorí irin ìta tí rọ́bà rẹ̀ ti kú lè já dànù lórí eré.

Mo bẹ̀ yín, bí ẹ bá máa tún ìmọ̀ràn yẹn tẹ̀, ẹ yọ ìlà tó ní ká fi etí ṣètò rẹ̀ kúrò. Ẹ fi ọ̀pá inú ihò púlọ́ọ̀gì síbẹ̀, kí ẹ sì sọ fún wọn pé kí wọ́n má fi sítátà yí ẹ́ńjìnnì nígbà tí ọ̀pá bá wà nínú rẹ̀.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Aránṣọ kan