Lẹ́tà sí Àlàó lórí rélì àtẹ̀gùn ilé Àlájà

Gàá Akanbí,
Ìlọrin.

Àlàó ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ o, mo kí ìyàwó, mo kí àwọn ọmọ. O kú òtútù Kánádà. Ara Àlájà le, orúnkún nìkan ló ń yọ wọ́n lẹ́nu, orúnkún yẹn náà ló sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rélì àtẹ̀gùn yìí ká mi lára.

Wẹ́dà ti gbé gbogbo òpó dúró, wọ́n sì ń dán yinrin. Àmọ́ mo di orí èyí tó wà níbi tí àtẹ̀gùn ti yí mú, mo tì í, ó ń mì, táìlì ìdí rẹ̀ sì ń ró kẹ́kẹ́. Mo ní kí wọ́n tú u. Súkúrù tó jáde kò gùn ju ọmọńdinrín mi lọ, lẹ́búlẹ́bú sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi lẹ táìlì ló bò ó lára. Kò débi kọnkéré rárá.

Àlàó, ìdí òpó ni agbára rélì wà. Òpó yìí ga tó sẹ̀ǹtímítà 90, irin pẹlẹbẹ ìdí rẹ̀ kò sì fẹ̀ ju 10 lọ. Bí èèyàn bá fi agbára kílò 50 péré ti òkè rẹ̀, ohun tí yóò máa fa àwọn bóòtù ìsàlẹ̀ jáde á ju kílò 450 lọ. Bí ìgbà tí a fi dígà hú òkúta ni. Àlájà kì í sì í fọwọ́ kan rélì lásán, gbogbo ara ni wọ́n ń gbé lé e.

Mo ti bá wẹ́dà sọ ọ́. Wọn á lu ihò gba inú táìlì kọjá wọnú kọnkéré fúnra rẹ̀, tó sẹ̀ǹtímítà 8, fún rawl bolt mìlímítà 12. Kí wọ́n fẹ́ eruku inú ihò kúrò pátápátá, torí bí eruku bá kù, bóòtù ò ní dì í mú dáadáa. Ibi tó sún mọ́ etí àtẹ̀gùn ló ń kọ mí lóminú: bóòtù yẹn máa ń fẹ̀ bí sípánà bá ṣe ń dè é, ó sì lè la etí kọnkéré. Epoxy, ìyẹn gọ́ọ̀mù tó máa ń gan, ni kí wọ́n lò níbẹ̀, kí wọ́n rọ ọ́ sínú ihò, kí wọ́n ki irin bọ̀ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí yóò fi gan.

Má ra bóòtù irin lásán o. Omi ni wọ́n fi ń fọ àtẹ̀gùn yẹn, á dípẹtà lábẹ́ ibi tí ojú ò tó.

Ti àtẹ̀gùn ẹ̀yìn tí a ò tíì da kọnkéré sí rọrùn. Mo ní kí wọ́n jó irin ìdí òpó mọ́ àwọn rọ́ọ̀dù kí wọ́n tó dà á. Tèmi ni pé kò sí èyí tó dára tó o, ibi gbogbo ló yẹ kí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí owó bóòtù àti epoxy bá wọlé kí ó tó di Àlàmísì, wẹ́dà á bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Jọ̀wọ́, pe Àlájà fúnra rẹ, kí o bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣì máa sùn ní yàrá ìsàlẹ̀. Wọn ò gbà fún mi pé rélì tó dán tó bẹ́ẹ̀ lè já.

Èmi ni,
Àjàní.