Lẹ́tà Sáà Kẹta sí Àwọn Òbí àti Alágbàtọ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Ọmọ Tó Ń Kọ́ Ijó

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìsinmi, ẹ sì kú ìmúra sáà tuntun. Ọjọ́ Ajé ni àwọn ọmọ yóò wọlé, ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé, ti bọ́ọ̀sì àti ti àtúnṣe yàrá sáyẹ́ǹsì wà nínú ìwé pélébé tí a fi há lẹ́tà yìí, n kò ní tún un sọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn mi lọ́tẹ̀ yìí.

Ní sáà tó kọjá, òbí mẹ́rin wá sí ọ́fíìsì mi lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n lè yọ ọmọ wọn kúrò nínú ẹ̀kọ́ ijó. Kò sí èyí tó fi ìbínú wá. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n bi mí, ẹnu tí wọ́n fi bi í ló yàtọ̀: "Ọ̀gá, yunifásítì ti dé tán. Ṣé ijó ló yẹ kí ọmọ yìí máa jó?" Mo fèsì bí agbára mi ṣe mọ. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ bó ṣe máa ń rí: ìgbà tí àlejò bá ti jáde tán ni èsì tó yẹ kéèyàn fọ̀ máa ń sọ síni lọ́kàn. Èsì náà ni mo wá kọ ránṣẹ́ sí gbogbo yín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹ̀kọ́ ọlọ́dún méjì ni. Ọmọ yóò jó, lóun nìkan àti pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn. Yóò ṣẹ̀dá ijó tirẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò sì jó o fún un. Lẹ́yìn èyí ni yóò jókòó ti ìwé, tí yóò kọ àròkọ lórí iṣẹ́ àwọn tó ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú. Apá tó kẹ́yìn yìí ni ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ pé ó wà. Àwọn ọmọ mìíràn náà kò mọ̀. Ọmọ tó bá sá fún ìwé wá sí ìdí ijó kì í lò tó oṣù kan kó tó mọ̀ pé òun ṣìnà. A ní ọ̀kan bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ìṣirò owó ló ń kọ́ báyìí, inú rẹ̀ sì dùn.

Ẹ wo iṣẹ́ tí wọ́n fún wọn ní ìdajì sáà tó kọjá. Wọ́n ní kí wọ́n fi Martha Graham wé Merce Cunningham, oníjó ará Amẹ́ríkà méjì tí wọ́n ṣẹ̀dá ijó. Graham dá ẹgbẹ́ oníjó tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1926. Èémí ló fi ṣe ìpìlẹ̀ ijó rẹ̀: bí èèyàn bá mí jáde, ikùn á wọnú, ẹ̀yìn á tẹ̀, bó bá mí wọlé, ara á tún tú sílẹ̀. Cunningham jó nínú ẹgbẹ́ yẹn kó tó lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1953. Òun àti John Cage tó ń kọ orin fún un gbà pé ijó kò gbọdọ̀ fẹ̀yìn ti orin, orin kò sì gbọdọ̀ fẹ̀yìn ti ijó. Wọn a máa ta owó ẹyọ sókè láti mọ èyí tí yóò ṣáájú nínú àwọn ìgbésẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, alẹ́ tí àwọn oníjó kọ́kọ́ bọ́ síwájú èrò ni wọ́n ń gbọ́ orin náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìbéèrè tíṣà wá ni pé: bí kì í bá ṣe orin ló ń darí wọn, kí ló so àwọn tó ń jó pọ̀ tí wọn kò fi kọlu ara wọn?

Ọmọbìnrin kan kọ ojú ewé méje. Ìṣirò ni èmi kọ́ ní tèmi, n kì í ṣe oníjó, ẹsẹ̀ mi méjèèjì sì lè jẹ́rìí. Mo ka ojú ewé méje yẹn lọ́sàn-án Sátidé kan, n kò gbé e sílẹ̀. Ó ní kíkà ló so wọ́n pọ̀, kíka ení, èjì, ẹ̀ta nínú ọkàn, àti fífi ẹ̀gbẹ́ ojú mọ ibi tí ẹnì kejì wà láìwò ó. Ó ya àwòrán orí ìtàgé, ó sì fi nọ́ńbà tọ́ka sí ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò wà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ kan bá ṣe irú rẹ̀ nínú físíìsì, a ó pe àwọn òbí rẹ̀ wá kí a lè yìn ín lójú wọn.

Ọ̀kan nínú àwọn òbí mẹ́rin náà jẹ́ lọ́yà. Ó bi mí bóyá ó tilẹ̀ ṣeé ṣe kéèyàn ní ijó, bí èèyàn ṣe ń ní ilé tàbí ìwé, nígbà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti jó o tán, ó tán nìyẹn. N kò rí nǹkan kan sọ lọ́jọ́ náà. Tíṣà ijó wa ló là mí lọ́yẹ̀ lẹ́yìn náà. Ó ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń wá ọ̀nà láti kọ ijó sílẹ̀ bí a ṣe ń kọ orin sílẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Raoul-Auger Feuillet, tẹ ìlànà kan jáde ní 1700. Oníjó kan, Rudolf Laban, gbé tirẹ̀ jáde ní 1928, èyí tí àwọn ọmọ wa ń kọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀. Láti ìsàlẹ̀ lọ sókè ni wọ́n ń kà á. Ìlà àárín pín ara sí ọ̀tún àti òsì. Bí àmì bá ṣe rí ló ń sọ ibi tí ẹsẹ̀ tàbí apá kọjú sí. Bí wọ́n ṣe kùn ún ló ń sọ bóyá òkè ni tàbí ìsàlẹ̀. Gígùn rẹ̀ ni iye àkókò tí yóò gbà. Ìlànà yìí ni wọ́n fi kọ ijó tí Hanya Holm ṣẹ̀dá fún eré olórin kan tó ń jẹ́ Kiss Me, Kate, ìwé náà ni wọ́n sì fi forúkọ ijó náà sílẹ̀ lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà ní Amẹ́ríkà ní 1952. Lọ́yà wa, èsì yín nìyẹn. Ẹ má bínú pé ó pẹ́.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ara. Ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà, nítorí ẹ̀bi wa wà níbẹ̀, iṣẹ́ yín náà sì wà níbẹ̀.

Nígbà tí ìdánwò gba sítúdíò lọ́wọ́ wa ní sáà tó kọjá, a kó àwọn ọmọ lọ sí gbọ̀ngàn ìjẹun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Kọnkéré ni ilẹ̀ ibẹ̀. Pákó ni ilẹ̀ sítúdíò, a sì fi àlàfo sí abẹ́ rẹ̀ kó lè máa mì díẹ̀ bí ẹsẹ̀ bá balẹ̀. Kọnkéré kì í mì, gbogbo agbára fífò ló ń dá padà sínú egungun ẹni tó fò. Ọmọ méje ló wá sọ pé ojúgun ń dun àwọn. Méjì nínú wọn ní láti sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èmi ni mo fọwọ́ sí i pé kí wọ́n lọ síbẹ̀, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn òbí méje náà. A kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí kò bá sí sítúdíò, ìwé ni wọ́n ó kà lọ́jọ́ náà.

Iṣẹ́ tiyín ni oúnjẹ àti oorun. Ọmọ tó ń jó wákàtí méjì lóòjọ́, tó wá ń dín oúnjẹ kù kó lè tẹ́ẹ́rẹ́, ara rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gé ìnáwó níbi tí kò yẹ. Nǹkan oṣù ọmọbìnrin lè dúró. Egungun á di ẹlẹgẹ́, á máa sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Àwọn dókítà Ìgbìmọ̀ Òlíḿpíìkì Àgbáyé kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 2014, wọ́n sì là á yéni pé ó ń ṣe ọkùnrin náà. A kì í wọn ẹnikẹ́ni lórí òṣùwọ̀n níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin náà ẹ má ṣe é nílé. Ẹ má sọ fún ọmọ pé ó ti sanra jù fún ijó, kódà bí ẹ bá ń ṣeré. Bí nǹkan oṣù ọmọbìnrin yín bá dúró fún oṣù mẹ́ta, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí ẹ sì jẹ́ kí nọ́ọ̀sì wa gbọ́. Ní ti oorun, wákàtí mẹ́jọ ó kéré tán. Fóònù kò gbọdọ̀ bá wọn sùn.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú wá kù, mi ò sì ní dẹ́nu bọ irọ́ nítorí pé mo fẹ́ kí ọmọ yín dúró. Àwọn tó ń fi ijó orí ìtàgé nìkan jẹun kò pọ̀, ẹsẹ̀ sì máa ń tètè rẹ̀ wọ́n. Nítorí náà ni a ṣe ń sọ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan pé kó mú ẹ̀kọ́ mìíràn tó lágbára mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà pọ̀ ju èyí tó lọ sí orí ìtàgé lọ. Margaret H'Doubler tó fa oyè yunifásítì nínú ijó wọlé sí Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà ní 1926, bàólọ́jì ló kọ́ kó tó débẹ̀, ó sì ti jẹ́ olùkọ́ bọ́ọ̀lù àjùsáwọ̀n. Katherine Dunham lọ ṣe ìwádìí lórí ijó àwọn ará Haiti ní 1935, gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá ènìyàn àti àṣà wọn, ohun tó rí níbẹ̀ ló fi kọ́ ìran oníjó kan. Marian Chace bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1942 ní ilé ìwòsàn St. Elizabeths ní Washington, ó ń fi ijó tọ́jú àwọn tí ọpọlọ wọn kò balẹ̀. Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní 1966, òun ni wọ́n sì fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́. Ọmọ tó bá fẹ́ ṣe ìtọ́jú eegun àti iṣan, kó mú bàólọ́jì mọ́ ijó. Ọmọ tó bá ń lọ sí ìmọ̀ ìṣègùn, kó kọ̀wé sí yunifásítì tó fẹ́ lọ kó sì béèrè bóyá wọ́n ń ka ijó mọ́ àwọn ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbà. Kó má fi ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe. Àwọn tó fẹ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ijó gan-an ní láti mọ̀ pé wọn yóò jó níwájú ìgbìmọ̀, ọjọ́ rẹ̀ sì lè ṣáájú ìdánwò. Ẹ má fi ìrìn-àjò ẹbí sí àkókò yẹn.

Ó wá ku ẹ̀bẹ̀ mi. Ijó ẹlẹ́ni mẹ́rin kò ṣeé fi ẹni mẹ́ta jó. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn òbí mẹ́rin náà mú ọmọ rẹ̀ lọ, ọmọ mẹ́ta tó kù fi ọjọ́ mẹ́sàn-án tún ijó náà ṣe látìbẹ̀rẹ̀, ìdánwò sì ti ń kan ilẹ̀kùn. Ọ̀kan nínú wọn sunkún ní ọ́fíìsì mi. Bí ẹ bá fẹ́ yọ ọmọ yín, ẹ yọ ọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún ẹ̀kọ́, kò sẹ́ni tí yóò bi yín ní nǹkan kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó parí rẹ̀. Bákan náà, bí ọmọ bá ṣẹ̀ yín nílé, ẹ gba fóònù rẹ̀, ẹ fún un ní abọ́ fọ̀. Ẹ má sọ pé kò ní lọ síbi ìdánrawò. Ọmọ ọlọ́mọ mẹ́ta lẹ ń jẹ níyà pọ̀ mọ́ ọn.

Ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin ni Àyájọ́ Ijó Àgbáyé, tó ti wà láti 1982. Ọjọ́ ìbí Jean-Georges Noverre, olùṣẹ̀dá ijó ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni wọ́n fi ṣe é, ẹni tí wọ́n bí ní 1727, tóun náà kọ lẹ́tà lórí ijó títí ó fi di odindi ìwé ní 1760. (Ẹ dúpẹ́ pé tèmi mọ níbí.) A ó ṣí sítúdíò sílẹ̀ fún yín láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ kò ní jókòó lásán: ẹ ó bá àwọn ọmọ yín ṣe ìnára fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí wọ́n tó jó fún yín. Ẹ wọ aṣọ tó ṣeé fi bẹ̀rẹ̀, ẹ sì bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Bí orókún tàbí ẹ̀yìn bá ń dùn yín, àga wà. Lọ́yà wa ti ní òun ń bọ̀, ọmọ rẹ̀ sì ti padà sí kíláàsì.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fọwọ́ sí ìwé ìdáhùn tó wà nísàlẹ̀, kí ọmọ yín mú un wá kó tó di ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Ọ̀gá Àgbà Kọ́lẹ́ẹ̀jì