Nípa ajá tó ń ṣàìsàn: ẹ jẹ́ kí dókítà sọ òótọ́ fún wa lọ́jọ́ kìn-ín-ní

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn yìí. Lẹ́tà òǹkàwé kan tí ẹ tẹ̀ jáde láìpẹ́ yìí ló mú mi kọ̀wé. Ẹni náà ní ìwà òmùgọ̀ ni kí ènìyàn máa náwó sórí ajá tó ń ṣàìsàn nígbà tí ọmọ ènìyàn ń kú nílé ìwòsàn nítorí owó tí kò tó nǹkan. N kò bínú sí i, nítorí ohun tí ọ̀pọ̀ ará àdúgbò mi sọ fún mi náà nìyẹn ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, nígbà tí mò ń gbé ajá mi lọ gbé e bọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ márúwá. Ṣùgbọ́n kí á tó débi owó, ọ̀rọ̀ kan wà tó ṣáájú rẹ̀: ó yẹ kí ẹni tó ni ẹran ọ̀sìn mọ ohun tí ìtọ́jú lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe, kó sì mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbé ẹran náà dé iwájú dókítà.

Talómọ̀la ni mo sọ ajá mi, bí àwọn baba wa ti máa ń fi orúkọ ajá ránṣẹ́ sí aládùúgbò. Ajá ìbílẹ̀ ni, ó pupa rúsúrúsú, ọmọ ọdún 13 ni. Ọdún tí bàbá àwọn ọmọ mi ṣaláìsí ni wọ́n mú un wá fún mi, ó kéré débi pé inú agbọ̀n ata ni mo tẹ́ aṣọ sí fún un. Láti ìgbà náà ló ti ń sùn sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, kò sì sí òru tí mo dìde tí kò dìde.

Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, mo ṣàkíyèsí pé omi tó ń mu ti pọ̀ jù. Abọ́ tí mo máa ń bu omi sí lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, ó di pé mò ń bu omi sí i lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, èyí tí kò ṣe rí láti kékeré. Mo rò pé ooru ni. Nígbà tó yá ni kò jẹun mọ́, tó ń bì, tí ẹnu rẹ̀ sì ń rùn bí ìtọ̀ tó ti kan. Ilé ìtọ́jú ẹran kan tí n kò ní dárúkọ ni mo gbé e lọ. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní kíndìnrín ni, wọ́n sì ní kí n máa gbé e wá kí wọ́n máa fa omi sí i lára. Ohun tí wọ́n bá mi sọ kò ju ìyẹn lọ.

Mo gbé e lọ fún ọjọ́ 18. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń so àpò dírípù mọ́ irin fèrèsé, tí èmi yóò jókòó tì í láti aago mẹ́sàn-án títí di ọ̀sán. Wọ́n ti fá irun ẹsẹ̀ rẹ̀ iwájú méjèèjì, ibi tí abẹ́rẹ́ ń wọlé ti wú, ó ti dúdú, ìgbà mìíràn sì wà tí wọ́n á gún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí wọ́n tó rí iṣan. Ní ọjọ́ kejìlá, bó ti gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́ lẹ́nu géètì, ajá tí kò lè dìde lánàá fi àyà wọ́ lọ sábẹ́ tábìlì ilé ìdáná, ó sì kọjú sí ògiri. Mo fi ọwọ́ ara mi fà á jáde. Ẹ̀yin òǹkàwé, nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀, ibẹ̀ ni ọkàn mi ṣì máa ń lọ lóru.

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ ìdí tí mo fi tẹra mọ́ ọn bẹ́ẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ajá náà ń tiro, mo ń fún un ní ibuprofen tí èmi alára ń lò fún orúnkún, mo sì fún un fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ìgbà tí mo dé ilé ìtọ́jú ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé oògùn yẹn a máa ba inú àti kíndìnrín ajá jẹ́, àti pé hóró paracetamol kan ṣoṣo tó láti pa ológbò. Kò sí ẹni tó lè sọ bóyá ohun tí mo ṣe ló fa àìsàn náà tàbí ọjọ́ orí rẹ̀, nítorí kíndìnrín ajá tó ti dàgbà a máa daṣẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi ti wọ̀ mí lára, gbogbo àpò omi tí mo sì ń sanwó rẹ̀, bí ẹni ń tọrọ àforíjì ni mo ń san án.

Agùnbánirọ̀ kan tó wà níbẹ̀, ọmọdébìnrin tí kò tíì pé ọdún 30, ló sọ òótọ́ fún mi lọ́jọ́ kejìdínlógún. Ó fa àga súnmọ́ mi, ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Omi yìí kàn ń bá a fọ ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì ni. Kí ajá tó bẹ̀rẹ̀ sí í mumi bí ẹ ṣe sọ, ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára kíndìnrín rẹ̀ á ti lọ, èyí tó bá sì lọ kì í padà. Ẹ̀jẹ̀ tí a yẹ̀ wò lánàá burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.” Ó ní bó bá jẹ́ pé a tètè rí i ni, kí àìsàn náà tó le, oúnjẹ tí ẹran àti ẹja kò pọ̀ nínú rẹ̀ pẹ̀lú oògùn díẹ̀ ì bá fún un ní oṣù púpọ̀ tí ara rẹ̀ yóò fi dẹ̀. Ó wá ní kí n lọ sílé, kí n mú kàlẹ́ńdà, kí n fi àmì sí ọjọ́ tí ajá náà jẹun fúnra rẹ̀, tó dìde tọ̀ fúnra rẹ̀, tó sì mi ìrù nígbà tó rí mi. Mo ti ń kọ owó dírípù sórí kàlẹ́ńdà ìjọ wa tẹ́lẹ̀, nítorí náà mo kàn fi àmì kún un ni. Nínú ọjọ́ 18, ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo rí fi àmì sí, ìkẹta nínú wọn sì ti kọjá láti ọjọ́ kẹfà.

Síbẹ̀, kò rọrùn. Àwa Yorùbá ní àìsàn ló ṣeé wò, a kì í rí tọlọ́jọ́ ṣe. Ta ni yóò wá sọ fún mi pé ọlọ́jọ́ ti dé bá ajá? Ìyá ìjọ kan ní Ọlọ́run nìkan ló ni ẹ̀mí, kí n má fọwọ́ kàn án. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni wọ́n rán mi létí ohun tí mo ti gbàgbé. Ọdẹ ni bàbá wa. Nígbà tí ìmàdò fi eyín ya inú ọ̀kan nínú àwọn ajá wọn, tí ìfun rẹ̀ sì ti jáde, bàbá wa kò jẹ́ kó kérora títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìbọn ni wọ́n fi gbà á sílẹ̀, wọn kò sì jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ro ọ̀rọ̀ ìyá ìjọ náà títí, mo sì rí i pé láti ọjọ́ tí mo ti so omi àkọ́kọ́ mọ́ fèrèsé ni mo ti fi ọwọ́ kan ọjọ́ ikú ajá yẹn, èmi ni mo ń sún un síwájú, tí òun sì ń ru ìrora rẹ̀.

Mo wá gbà kí àwọn dókítà fi ẹ̀lẹ̀ parí ìrora ajá náà. Wọ́n kọ́kọ́ fún un ní abẹ́rẹ́ tó mú un sùn. Mo fi òrí pa imú rẹ̀ tó ti gbẹ, orí rẹ̀ wà lórí itan mi. Wọ́n wá fi oògùn oorun tó ju ìwọ̀n lọ sínú iṣan, ọkàn rẹ̀ sì dúró kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé. Kò kérora.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mò ń sọ pé kí á máa yára fi ẹran sílẹ̀. Ọmọ ajá tí àìsàn tó ń ràn tí wọ́n ń pè ní parvo mú, tó ń bì tó sì ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, bí a bá fi sílẹ̀, kíkú ló máa ń kú. Ṣùgbọ́n bí a bá tètè fa omi sí i lára tí a sì tọ́jú rẹ̀ gidigidi fún ọjọ́ mélòó kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń yè, wọ́n á sì lo ọdún púpọ̀ láyé. Kókó tó ń ṣẹ̀jẹ̀ lójú ara, tí ajá ń kó lára ara wọn nígbà gígùn, ń bani lẹ́rù ní wíwò, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń tìtorí rẹ̀ lé ajá jáde, bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún nǹkan bí oṣù kan sí oṣù kan àbọ̀ ló sábà máa ń wò ó sàn. Irú ìyẹn, ẹ jẹ́ kí á yáwó wò ó. Dìgbòlugi ló wà ní òdìkejì pátápátá: bó bá ti fara hàn lára ajá, ìtọ́jú ti tán, ewu sì ni fún gbogbo ilé.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín wa nígbà tí a kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí ló bà mí nínú jẹ́ jù. Àwọn kan á so ajá tó ń kú mọ́ ẹ̀yìnkùlé, wọn kò ní fún un lónjẹ mọ́. Àwọn mìíràn á jù ú sí ààtàn. Àwọn mìíràn á tà á fún àwọn tí ń pa ajá jẹ, pẹ̀lú gbogbo oògùn tó wà lára rẹ̀. Abala 495 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ilẹ̀ wa ka fífi ìyà tí kò nídìí jẹ ẹran sí ẹ̀ṣẹ̀. Kò dá mi lójú pé ìwà ìkà ló ń mú ọ̀pọ̀ wọn ṣe é. Wọn kò gbọ́ rí pé dókítà ẹran lè bá wọn fi ẹ̀lẹ̀ parí rẹ̀.

Ní ti owó, ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn ní ẹ̀tọ́ láti béèrè. ₦8,000 ni omi lójúmọ́, ₦15,000 ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ṣe é, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦174,000 láìka owó kẹ̀kẹ́. Owó ìfẹ̀yìntì olùkọ́ ni mo fi san án. Ká ní wọ́n là á yé mi lọ́jọ́ kìn-ín-ní ni, bóyá ọjọ́ mẹ́rin ni ǹ bá fi gbìyànjú, tí a ó tún ẹ̀jẹ̀ wò, tí mo sì máa gbé e lọ sílé kó sùn sẹ́nu ọ̀nà mi ní ìwọ̀nba òru tó kù fún un.

Nítorí náà, ẹ̀yin dókítà ẹran tí ẹ bá ka lẹ́tà yìí, mo fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín. Bí a bá gbé ẹran wa dé, kí ẹ tó so omi, ẹ sọ fún wa bóyá àìsàn náà ní ìwòsàn tàbí a kàn ń dá a dúró. Bó bá jẹ́ dídá dúró ni, ẹ sọ bí ẹ ti rò pé ọjọ́ rẹ̀ yóò pọ̀ tó, irú ọjọ́ tí yóò jẹ́, àti ohun tí ẹran náà yóò fara dà. Bí ẹ bá lè kọ ọ́ sórí ìwé, ẹ kọ ọ́, nítorí etí ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú kì í gbọ́rọ̀ tán. Kí Ẹgbẹ́ Àwọn Dókítà Ẹran ní Nàìjíríà sì sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ilé ìtọ́jú gbọ́dọ̀ máa ṣe, kó má jẹ́ pé agùnbánirọ̀ tó ń bọ̀ wá lọ ni yóò máa ní ìgboyà rẹ̀. Bí ẹ bá sì rí i pé ara ẹran náà kò gbà á mọ́, ẹ má dúró kí á tó béèrè, ẹ sọ fún wa pé ọ̀nà kan tún wà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìntì,
Àpáta, Ìbàdàn.