Máa Yẹ Agbọ̀n Rẹ Wò: Lẹ́tà Ìyá Kan sí Ọmọ Rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ṣágámù,
Rẹ́mọ.

Àkàndé ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àlàáfíà ni a wà nílé, bàbá rẹ ń kí ọ, àwọn àbúrò rẹ náà sì ń bèèrè rẹ. Mo gbọ́ ohun tí o sọ lórí fóònù pé wọ́n ti fi kọ́kọ́rọ́ àpótí owó ilé iṣẹ́ yín lé ọ lọ́wọ́, àti pé ìjọ tí ò ń lọ níbẹ̀ ti fi ọ́ ṣe akápò ẹgbẹ́ ọ̀dọ́. Inú wa dùn púpọ̀. O ní kí n máa gbàdúrà fún ọ, mo sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ láràárọ̀ kí n tó jáde lọ sí Sábó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí àdúrà ìyá nìkan kò lè gbé, tí kò sì ṣeé sọ tán lórí fóònù kí káàdì tó tán, òun ni mo ṣe jókòó kọ ìwé yìí.

Nígbà tí Nehemáyà àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń mọ odi Jerúsálẹ́mù, tí àwọn ọ̀tá sì ń gbìmọ̀ láti wá dá iṣẹ́ náà dúró, orí 4 ìwé rẹ̀ sọ fún wa pé wọ́n gbàdúrà sí Ọlọ́run, wọ́n sì yan olùṣọ́ tọ̀sán-tòru. Ohun méjèèjì ni wọ́n ṣe. Àwa Kristẹni ilẹ̀ yìí mọ àdúrà í gbà, ibi yíyan olùṣọ́ ni a ti máa ń kùnà. Bí ènìyàn bá ti ṣe ìṣọ́ òru kan ní ọjọ́ Ẹtì ní ọ̀kan nínú àwọn ibùdó ńláńlá tí ó wà lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, yóò gbà pé òun ti ṣọ́nà tó fún odindi oṣù, kò ní rántí pé òwúrọ̀ Sátidé tí oorun ń kùn ún, tí ebi ń pa á, tí kọ̀ńdọ́kítọ̀ sì kọ̀ láti fún un ní ṣéńjì, ni ó yẹ kí ó ṣọ́ ẹnu rẹ̀ ju òru àná lọ. Lẹ́yìn ìgbà tí Jésù ti ṣe ìrìbọmi, tí ohùn sì ti ọ̀run wá, tí ó gba ààwẹ̀ ọjọ́ 40 tí ebi sì ń pa á, ni Èṣù tó wá dán an wò. Èlíjà pe iná sọ̀kalẹ̀ lórí òkè Kámẹ́lì, kò sì pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí ó fi sá fún Jésébẹ́lì, tí ó jókòó sábẹ́ igi nínú aginjù, tí ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí òun kú. Àsìkò tí wọ́n gbé ọ ga yìí gan-an ni mo ń bẹ̀rù fún ọ.

Ìdí agbọ̀n obì ni o dàgbà sí, nítorí náà ohun tí ojú rẹ ti rí ni n ó fi ṣàlàyé. Bí a bá ra gbàǹja, a ó yọ ọ́ kúrò nínú èèpo rẹ̀, a ó rẹ ẹ́ sómi kí awọ funfun ara rẹ̀ lè bọ́, a ó fọ̀ ọ́, a ó jẹ́ kí omi ara rẹ̀ gbẹ, a ó wá kó o sínú agbọ̀n tí a fi ewé tẹ́ yí ká. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yóò rò pé ó parí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kòkòrò rẹ̀ kì í dúró de ìgbà tí a bá di agbọ̀n. Láti oko ni ó ti yé ẹyin sínú obì, nígbà tí èèpo rẹ̀ sán lórí igi, tàbí tí ó já bọ́ tí a kò tètè ṣà á. Nígbà tí a ń fọ obì náà tí ó ń dán, ẹyin ti wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń tú agbọ̀n lóòrèkóòrè, tí mo ń mú obì lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mo ń yí i sí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà, tí mo ń wá ihò kékeré tí kò ju ẹnu abẹ́rẹ́ lọ, tí ìyẹ̀fun díẹ̀ wà létí rẹ̀. Èyí tí mo bá rí, mo yọ ọ́ sọ́tọ̀ kí ó tó ba ìyókù jẹ́. Oníṣòwò tí ó bá di agbọ̀n tirẹ̀ pinpin tí ó sì lọ sùn, ọjọ́ tí àwọn Hausa bá gbé ọkọ̀ dé láti wá ra ọjà ni yóò tó mọ ohun tí òun ń tọ́jú.

Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé inú obì ni kòkòrò tí ń jẹ obì ń gbé. Jákọ́bù náà sọ ọ́ ní orí 1 ìwé rẹ̀ pé ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ọkàn ènìyàn fúnra rẹ̀ ni ó ń fà á lọ, tí ó sì ń tàn án jẹ, kí ó tó di pé ó lóyún tí ó sì bí ẹ̀ṣẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan wà ládùúgbò wa níhìn-ín tí ó jẹ́ pé bí ọmọ wọn bá jí owó ọ̀gá rẹ̀, wọn a ní àwọn ayé ni wọ́n fi nǹkan ṣe é, wọn a sì máa gbé e kiri ilé wòlíì. N kò sọ pé ọ̀tá kò sí. Pétérù kọ ọ́ pé Èṣù ń rìn kiri bíi kìnnìún tí ń ké ramúramù, ṣùgbọ́n àṣẹ tí ó fi ṣíwájú ọ̀rọ̀ náà ni pé kí a wà ní àìrékọjá kí a sì máa ṣọ́ra. Kò ní kí a máa wá ẹni tí ó sà sí wa kiri. Ọ̀rọ̀ yìí sì yé Pétérù ju ẹlòmíràn lọ. Òun ni ó sùn nínú ọgbà Gẹ́tísémánì nígbà tí Jésù ní kí wọ́n máa ṣọ́nà kí wọ́n sì máa gbàdúrà. Ẹni tí ó sùn ní wákàtí àdúrà ni ó fa idà yọ ní wákàtí tí ó yẹ kí ó pa ọwọ́ mọ́, tí ó sì sẹ́ Olúwa rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí àkùkọ tó kọ.

Má sì ṣe gbẹ́kẹ̀ lé e pé inú ìjọ ni a bí ọ sí. Lẹ́yìn ogun Ìmàgbọ̀n ti 1892, tí àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì bá Ìjẹ̀bú jà, ni ọ̀nà ìhìnrere tó là gbòòrò ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ilé bàbá mi sì wà lára àwọn tí ó tètè gbà á. Kòkòrò kì í bèèrè igi tí obì ti wá kí ó tó yé ẹyin sí i.

Ọ̀rọ̀ owó ni mo fẹ́ fi síwájú, nítorí pé òun ni ó wà níkàáwọ́ rẹ. Àkàndé, kò sí ẹni tí yóò wá sọ fún ọ pé kí o jalè. Bí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀, wàá bínú, wàá sì lé wọn jáde. Ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ni pé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, owó ilé tí o fẹ́ san yóò kù díẹ̀ kí ó pé, owó ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ yóò sì wà lọ́wọ́ rẹ tí ẹnikẹ́ni kò ní bèèrè rẹ̀ títí di ìpàdé oṣù tí ń bọ̀, ọkàn rẹ yóò wá rọra sọ fún ọ pé, “Yá a, bí wọ́n bá san owó oṣù kí o dá a padà.” Ní ìgbà àkọ́kọ́, wàá dá a padà lóòótọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ewu rẹ̀ wà, nítorí pé ìgbà kejì kò ní jọ ẹ̀ṣẹ̀ lójú rẹ mọ́. Júdásì ni ó ń tọ́jú àpò owó fún Jésù àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn, Jòhánù orí 12 sì sọ pé a máa jí ohun tí wọ́n bá fi sínú rẹ̀. Ẹni tí bíbu díẹ̀díẹ̀ ti mọ́ lára, kí ni yóò ṣòro fún un nínú gbígba ọgbọ̀n owó fàdákà? Àwọn mọ́kànlá tó kù kò sì fura sí i. Ní alẹ́ tí Jésù sọ pé ọ̀kan nínú wọn yóò fi òun hàn, olúkúlùkù wọn ń bèèrè bóyá òun ni.

Nítorí náà, yan olùṣọ́ ti ara rẹ. Owó ìjọ kò gbọdọ̀ sun inú àkáǹtì tìrẹ fún òru kan ṣoṣo. Bí báǹkì bá ti tì, kí ó sùn nínú àpótí ìjọ tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lọ́wọ́ ẹni méjì. Má ṣe dá owó ọrẹ kà, kí ẹ jẹ́ ẹni méjì, kí ẹ̀yin méjèèjì sì fọwọ́ sí ìwé lójú ẹsẹ̀. Rìsíìtì òní, òní ni kí o kọ ọ́. Bí nǹkan bá le, tọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lọ, kí o fi onídùúró sílẹ̀, kí o yáwó lójú gbogbo ayé, tàbí kí o pè mí. Má ṣe rò pé mo ń fojú olè wò ọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kó ọrẹ àwọn ìjọ lọ fún àwọn ènìyàn mímọ́ ní Jerúsálẹ́mù, Pọ́ọ̀lù kò gbà kí ọ̀rọ̀ owó náà wà lọ́wọ́ òun nìkan. 2 Kọ́ríńtì orí 8 sọ bí ó ti rán Títù àti àwọn arákùnrin mìíràn sí i, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ẹ̀sùn kà sí wọn lẹ́sẹ̀, ó ní ohun tí ó tọ́ ni àwọn ń rò, níwájú Olúwa àti níwájú ènìyàn. Bí Pọ́ọ̀lù bá lè wá ẹlẹ́rìí fún ara rẹ̀, kò yẹ kí ojú ti ọmọ tèmi láti ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo tilẹ̀ mọ ohun tí ó lè mú kí irú ìrọ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀ dé. Iléyá ti súnmọ́, Ojúde Ọba sì ń bọ̀ ní ọjọ́ kẹta rẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ẹ jọ wà nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan náà, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà yín, yóò ti máa sọ̀rọ̀ aṣọ. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni èmi náà, n kò ní ba ọjọ́ yẹn jẹ́ lójú rẹ. Àwọn Mùsùlùmí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n ń lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀ pé ó fi ààyè gba ẹ̀sìn wọn, gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹlẹ́sìn yòówù kí ó jẹ́, ni ó sì ń lọ síbẹ̀ lónìí. Ìlù àti ẹṣin kò ní kó ọ sínú ìdẹwò. Aṣọ ni kí o ṣọ́: èyí tí ẹgbẹ́ mú, bàtà tí yóò bá a mu, fìlà, ìlẹ̀kẹ̀, owó onílù, owó ayàwòrán. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Bí owó rẹ bá ká a, lọ kí o sì yọ̀. Bí kò bá ká a, wọ aṣọ èṣí kí o dúró lẹ́yìn, tàbí kí o wá kí wa ní Ṣágámù ní ọjọ́ náà. Ẹni tí ó bá fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ kò ní rántí mọ́ kí oṣù tó parí, ṣùgbọ́n ẹni tí owó rẹ̀ dín kò ní gbàgbé.

Ọ̀rọ̀ tí ó kàn yìí, bàbá rẹ ni mo ní kí ó bá ọ sọ, ó ní mo mọ̀ ọ́n sọ ju òun lọ, ó sì gbé rédíò rẹ̀ jáde lọ sí ìta. Ìwọ nìkan ni ó ń gbé inú yàrá, fóònù sì wà lọ́wọ́ rẹ. Ka Sámúẹ́lì Kejì orí 11 dáadáa. Ní àkókò tí àwọn ọba máa ń jáde lọ sí ogun, Dáfídì rán Jóábù lọ, òun dúró sí Jerúsálẹ́mù; ní ìrọ̀lẹ́ ó dìde lórí ibùsùn rẹ̀, ó ń rìn káàkiri lórí òrùlé ààfin. Kí ó tó fojú kan Bátíṣébà, ìyàwó Ùráyà, tí ó bá ṣẹ̀, ni ó ti kúrò níbi tí ó yẹ kí ó wà. Òru tí oorun kò bá wá, tí àtàǹpàkò rẹ ń ti ojú fóònù sókè láìsí ohun kan pàtó tí o ń wá, orí òrùlé yẹn ni ìwọ náà wà. Gbé fóònù jìnnà sí ibùsùn, kí o sì ra aago tí yóò máa jí ọ kí o má baà rí àwáwí. Bí o bá rí i pé ọ̀rọ̀ ìwọ àti obìnrin kan lórí fóònù ti di ohun tí o ń pa rẹ́ kí ẹlòmíràn má baà rí i, o ti mọ ohun tí ó jẹ́, má ṣe dúró kí o máa ronú lé e. Ìyàwó Pọ́tífárì ń bá Jósẹ́fù sọ ọ́ lójoojúmọ́, kò sì gbà láti wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ tí ó di í láṣọ mú, ó fi aṣọ sílẹ̀, ó sá jáde. Kò dúró wàásù fún un. Ọ̀nà àjàbọ́ tí Pọ́ọ̀lù sọ pé Ọlọ́run máa ń ṣe pẹ̀lú ìdẹwò kọ̀ọ̀kan, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni ó ti máa ń fẹ̀ jù lọ.

Ti tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀: má ṣe ta á. Ẹni tí ń tọ́jú owó olówó kò gbọdọ̀ máa retí èrè òjijì.

Bí o bá wá yẹ agbọ̀n wò ní alẹ́ ọjọ́ kan tí o sì rí ihò, tí ẹsẹ̀ rẹ ti yọ̀, gbọ́ èyí. Pétérù àti Júdásì jọ ṣẹ̀ ní òru kan náà ni. Pétérù sọkún kíkorò, ó sì padà sáàárín àwọn ará títí Jésù fi bá a níbẹ̀. Júdásì náà kábàámọ̀, ó tilẹ̀ dá owó náà padà, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n jọ pa ìmọ̀ ni ó gbé e lọ, wọ́n ní èwo ni ó kàn wọ́n níbẹ̀, ó sì dá nìkan lọ pokùn so. Má ṣe dá nìkan gbé ohunkóhun. Lọ bá olùṣọ́-àgùntàn yín, tàbí kí o wọkọ̀ wá sí Ṣágámù, ì báà jẹ́ lóru. N kò ní pariwo, bàbá rẹ náà kò ní pariwo.

Mo fi gaàrí àti ẹja gbígbẹ rán ọmọ aládùúgbò wa tí ń bọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọjọ́rú. Kí ó tó padà, kọ èsì ohun méjì sínú ìwé fún un: orúkọ ẹni tí ẹ̀yin méjèèjì yóò jọ máa ka owó ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, àti iye tí wọ́n ní aṣọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ jẹ́ lọ́dún yìí.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.