Bísí, ẹ fi ejò yẹn sílẹ̀ ná

Bísí ọ̀rẹ́ mi,

Mo ti gbọ́ voice note méjèèjì tí o fi ránṣẹ́, èyí tí o ń bínú nínú ẹ̀ àti èyí tí Mọ́rẹ́nikẹ́ ọmọ ẹ fúnra ẹ̀ fi ohùn ẹkún sọ̀rọ̀ pé òjòlá tí ẹ rà bu òun jẹ, tó ní "Àǹtí, kò fẹ́ràn mi." Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n lè kàn pè yín kí n sọ ọ́ lórí fóònù, torí ọ̀rọ̀ náà gùn, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ lè máa padà kà á. Ẹ kú ìdààmú o. Bọ̀dá Wálé ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n yẹn ti ń lọ sílẹ̀? Bá mi kí wọn.

Ẹ̀rù ló ń ba ejò yẹn, Bísí. Gbogbo ẹ̀ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi náà ti kó sínú ẹ̀ rí. Nígbà tí a gbé Dòdò, ejò tiwa, wálé ní Leeds níbí, kò gùn ju rúlà ọmọ iléèwé lọ púpọ̀, kò sì tó àtàǹpàkò mi ní sísanra, Tòlú ọmọ mi ló sọ ọ́ ní Dòdò torí ara ẹ̀ rí bíi dòdò tó fẹ́ jóná, ó pupa fẹ́ẹ́ níbi kan ó dúdú níbi kan. Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an la bẹ̀rẹ̀ sí gbé e, èmi gbé e, Tòlú gbé e, bàbá ẹ̀ ń ya fọ́tò, àwọn ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa wá wò ó. Ní ọjọ́ kejì mo na ọwọ́ sínú tánkì gíláàsì ẹ̀ látòkè, mo rí i tó ká ọrùn kọ́rọ́ bíi lẹ́tà S, ó mí fììì, kí n tó fa ọwọ́ padà ó ti bù mí jẹ. Kò dùn mí púpọ̀, ó dà bí ìgbà tí ẹ̀gún bá ha èèyàn, ẹ̀jẹ̀ tó yọ ò ju ojú abẹ́rẹ́ mẹ́ta mẹ́rin lọ. Àmọ́ àyà mi já gan-an. Lẹ́yìn ẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni kò fi jẹun, mo ń sunkún ní kíṣìnnì pé mo ti pa ejò ọmọ mi.

Ṣé o rántí ìgbà tí a lọ sí Ouidah ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ nígbà tí a wà ní yunifásítì, ilé òjòlá yẹn tó dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ńlá, tí bàbá tó ń tọ́jú wọn gbé ọ̀kan kọ́ ẹ lọ́rùn, tí ìwọ ń gbọ̀n tí ejò ò sì mira? Irú òjòlá yẹn náà ni èyí o. Dangbé ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, royal python ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ wa níbí, ball python lọ́dọ̀ yín ní Amẹ́ríkà, torí tẹ́rù bá ti bà á, á ká ara ẹ̀ bí òṣùká, á fi orí pamọ́ sí àárín. Ilẹ̀ tiwa lọ́hùn-ún ló ti ṣẹ̀, Bẹ̀nẹ̀, Tógò, Gánà, inú ihò eku àti inú ògán ló máa ń sá pamọ́ sí lọ́sàn-án, ó di alẹ́ kó tó jáde. Ẹyẹ tó bá fẹ́ gbé e, òkè ló ti ń já bọ́ lé e. Wá wò ó báyìí: wọ́n gbé e sínú àpótí gíláàsì tó mọ́lẹ̀ kedere, kò síbi tó lè fi ara pamọ́ sí, ọwọ́ ńlá kan sì tún ń bọ̀ látòkè. Kí lo fẹ́ kó ṣe? Àwọn ihò tíntìntín kan wà létí ẹnu ẹ̀ tó fi ń mọ ooru, ọwọ́ wa gbóná, ó rí i bí ìgbà tí iná ń bọ̀ wá bá a.

Torí náà ohun àkọ́kọ́, ẹ má gbé e mọ́. Ẹ fi í sílẹ̀ ó kéré tán ọ̀sẹ̀ kan, ẹ kàn máa pààrọ̀ omi ẹ̀, kó sì ti jẹun ẹ̀ẹ̀mejì ẹ̀ẹ̀mẹta kí Mọ́rẹ́nikẹ́ tó fọwọ́ kàn án. Mo mọ̀ pé á ṣòro fún ọmọ. Ẹ ṣe ibi ìsápamọ́ méjì fún un, ọ̀kan lápá tó gbóná, ọ̀kan lápá tó tutù, torí tó bá jẹ́ ẹyọ kan, á máa yàn láàárín kí ara ẹ̀ móoru àti kí ọkàn ẹ̀ balẹ̀. Kí ibi ìsápamọ́ yẹn há o! Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe àṣìṣe nìyí, wọ́n á ra ilé ńlá tó rẹwà fún un, ejò á wà ní àárín ẹ̀ bí ẹni tó sùn sí pápá. Ó fẹ́ kí ara òun kan ògiri yíká. Páálí bàtà ọmọdé la kọ́kọ́ lò, a gé ẹnu ọ̀nà sí i, ọjọ́ tí mo gbé e síbẹ̀ ló wọlé tí kò jáde títí ilẹ̀ fi ṣú. Apá tó gbóná kó wà ní bíi 31 sí 32 dígírì Celsius, lọ́dọ̀ yín á jẹ́ 88 sí 90 Fahrenheit, apá kejì bíi 25 sí 26, ẹ sì fi thermostat, ẹ̀rọ tó ń darí ooru, sára hítà yẹn dandan, torí hítà tí kò ní in lè jó ejò lára. AC Houston yẹn náà, ẹ má gbé tánkì sábẹ́ ẹ̀.

Bó bá ti ń jẹun dáadáa, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí gbé e. Kí Mọ́rẹ́nikẹ́ fọ ọwọ́ ẹ̀ kó tó fọwọ́ kàn án, torí ọwọ́ tó bá rùn bí eku, oúnjẹ ni lójú ejò, kó sì tún fọ̀ ọ́ lẹ́yìn ẹ̀ nítorí salmonella, kòkòrò àìfojúrí tó ń fa àìsàn inú. (Àbúrò ẹ̀ ọlọ́dún mẹ́ta kó má tíì fọwọ́ kàn án rárá.) Àwa máa ń ká pépà róbótó, a ó fi kàn án lára jẹ́jẹ́ kó mọ̀ pé àsìkò oúnjẹ kọ́ nìyí, lẹ́yìn náà kí ọwọ́ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, kó lọ sábẹ́ ikùn ẹ̀, kí ó gbé gbogbo ara ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Má di orí ẹ̀ mú láéláé. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kó má baà jábọ́. Tí ejò bá mí fììì, kí Mọ́rẹ́nikẹ́ má já a sílẹ̀, kó dúró jẹ́ẹ́ bí igi, kó jẹ́ kó balẹ̀ ná kó tó dá a padà. Lẹ́yìn oúnjẹ, odindi ọjọ́ méjì, kí ẹnikẹ́ni má gbé e, torí ó lè pọ oúnjẹ yẹn padà, ìyẹn sì máa ń ṣe wọ́n léṣe gan-an. Tí ojú ẹ̀ bá funfun bí omidùn, ó fẹ́ bọ́ awọ nìyẹn, kò ríran dáadáa, ẹ fi í sílẹ̀ títí á fi bọ́ ọ tán.

Tó bá tún bù ú jẹ, wo bó ṣe ṣe é. Tó bá kàn án tó sì yára padà, ẹ̀rù ni. Tó bá gbá a mú tó wá lọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó rò pé oúnjẹ ni, ẹ tún ọ̀rọ̀ fífọ ọwọ́ yẹn wò.

Ó tó oṣù méjì kí ti Dòdò tó yí padà. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Tòlú, mo gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó ká bí òṣùká bó ṣe máa ń ṣe, mi ò mira. Ó pẹ́. Mo wá rí imú ẹ̀ tó yọ jáde láàárín ara ẹ̀, ahọ́n dúdú yẹn yọ, ó wọlé, ó tún yọ, ó kàn mí lọ́rùn ọwọ́, fífúyẹ́ bí irun orí ẹyọ kan ṣoṣo. Díẹ̀díẹ̀ ló ń tú ara ẹ̀, mo ń mọ̀ ọ́n lára bí iṣan tó ti le ṣe ń dẹ̀, ó wá ń wọ́ lọ láàárín àwọn ìka mi. Tòlú ò sọ̀rọ̀, ó kàn di ejìká mi mú.

Ti mọ́mì ẹ tó ní òun ò ní wọlé yín tí ejò bá wà níbẹ̀, má bá wọn jà jàre. Ọjọ́ ayé wọn ni wọ́n ti ń gbọ́ pé tí wọ́n bá rí ejò kí wọ́n pa á. Ẹ ní àsìkò, òjòlá yìí lè lo 20 sí 30 ọdún nílé, kódà ọ̀kan wà ní ọgbà ẹranko St. Louis tó yé ẹyin ní 2020 nígbà tó ti lé ní 60 ọdún.

Ẹ bi ẹni tó tà á fún yín bóyá inú kéèjì ni wọ́n ti bí i tàbí inú igbó ni wọ́n ti kó o wá, torí èyí tó ti inú igbó wá máa ń le ju bẹ́ẹ̀ lọ láti tọ́jú, ó sì lè ní kòkòrò lára. Ẹ máa wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n kíṣìnnì, tó bá ń fúyẹ́ sí i, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.

Sọ fún Mọ́rẹ́nikẹ́ kó fi fídíò ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ jẹun, kó má gbé e, kó kàn ya fídíò látẹ̀yìn gíláàsì. Ọwọ́ kan ni mo fi ń tẹ èyí báyìí, Dòdò ti wọ inú apá súwẹ́tà mi òsì, ó ti sùn síbẹ̀.

Fọlákẹ́ ẹ ni