Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́: orin wo ló bá ijó wo mu?

Ìbarà, Abẹ́òkúta

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

O kú ìfaradà òtútù Kánádà. Ṣé àlàáfíà ni ọkọ àti àwọn ọmọ wà? Ara wa le níbí, a dúpẹ́.

Ọ̀rọ̀ àpèjẹ ẹgbẹ́ wa ni mo bá dé. Wọ́n ní kí n ṣa orin ìgbà ọ̀dọ́ wa jọ, ti 1980 sí 1989, tí tọkọtaya lè di ara wọn mú jó ballroom sí, ìyẹn àwọn ijó bíi rumba, cha-cha, waltz, jive àti tango. Inú mi dùn sí iṣẹ́ yìí gan-an. Ohun tí mo sì ń tẹnu mọ́ fún gbogbo wọn ni pé kí wọ́n má fi adùn orin yan ijó. Ìlù ni kí wọ́n kọ́kọ́ kà.

Wo "Careless Whisper" ti George Michael. Gbogbo èèyàn ló ń pariwo pé rumba ni. Mo gbé aago síwájú, mo kà á: bíi 76 ni ìlù rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan, bẹ́ẹ̀ rumba àwọn tó ń díje máa ń wà láàárín 100 sí 108. Ó ti falẹ̀ jù. Ẹni tó bá fẹ́ rọra mì sọ́tùn-ún sósì ni kó jó o. "Billie Jean" ti Michael Jackson ló wù mí jù fún cha-cha. Bíi 117 ni tirẹ̀, cha-cha ìdíje sì ń bẹ̀rẹ̀ láti 120. Ìwọ̀nba tó fi dẹ̀ yẹn á jẹ́ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ráyè gbẹ́sẹ̀.

Ti waltz, "Could I Have This Dance" ti Anne Murray ni mo mú, 1980 ló jáde. Mẹ́ta-mẹ́ta là ń kà á, àkọ́kọ́ ló ń wúwo. Àwọn kan ní ijó òyìnbó yìí kò lè wọ̀ wá lára. Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀! Ṣebí kónkóló tí agogo wa ń lù, ìpín 12 ló ní, agogo á sì dún ẹ̀ẹ̀méje nínú rẹ̀? Mẹ́ta lọ́nà mẹ́rin náà ni 12. Onílù kan láti Ìtòkò wà ní pálọ̀ mi nígbà tí à ń dán orin náà wò. Ó mú ṣíbí, ó ń fi lu kónkóló sára ìgò. Tọkọtaya kan tó ti ń tẹ ara wọn lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ látàárọ̀ bá gbẹ́sẹ̀ pọ̀, wọ́n yí po pálọ̀ láìkọsẹ̀. Ìyàwó ní, "Àṣé ohun tí ẹ ń sọ nìyí!"

Jive kò le, ijó tó yára ni: "Wake Me Up Before You Go-Go" ti Wham! ni mo mú, ìlù rẹ̀ lé ní 160.

Tango ló kù. Ọkàn mi ń fà sí "Sweet Dreams" ti Eurythmics, 1983. Bíi 126 ni, ó sì bọ́ sáàárín 124 sí 132 tí tango ń fẹ́. Ṣùgbọ́n ìwọ lo mọ tango jù nínú wa. Jọ̀ọ́, gbọ́ ọ, kí o dìde jó o pẹ̀lú bàbá àwọn ọmọ, kí o sì fèsì kí n tó kó orúkọ àwọn orin náà fún ẹni tó máa lù wọ́n.

Bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni tìrẹ,
Àṣàkẹ́